Àyè Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Ìjọba

Bí ẹ bá pàdé Déolú ní ọjọ́ Sọ́ńdè nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ ní Cheverly, ní Amẹ́ríkà, ẹ kí i dáadáa, ẹ bá a ṣeré, ẹ bá a jẹ mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n ẹ má bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í ṣe pé kò níṣẹ́ o. Iṣẹ́ ń bẹ, owó oṣù ń wọlé, ilé tó ń gbé ní District Heights ní gáréèjì àti koríko tútù níwájú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìdáhùn rẹ̀ máa ń yí padà bí ojú ẹni tó béèrè bá ṣe rí. Fún àlùfáà, “packaging” ni. Fún àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń wo bọ́ọ̀lù, “marketing” ni. Fún ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, páálí oògùn ló ń ṣe. Ìyá náà á sì ní, “Ọlọ́run á máa fi ọ́ wo aráyé sàn.” Déolú á ṣe àmín, á yára béèrè bóyá iná wà lọ́dọ̀ wọn.

Igbó ni ilé iṣẹ́ Déolú ń tà. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́, nítorí òun ò ní í sọ ọ́. Igbó gidi, èyí tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ lé ọmọ jáde nílé lọ́dọ̀ wa, tí ìpínlẹ̀ Maryland wá ṣí ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbàlagbà ní ọdún 2023, tí àwọn ọ̀gá tó wọ kóòtù sì ń tà nínú ilé ńlá kan ní Capitol Heights. Déolú ni olórí àwọn tó ń wá orúkọ, àwọ̀ àti àwòrán fún ọjà náà. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, iṣẹ́ àga àti kọ̀ǹpútà. Kò fọwọ́ kan ewé náà rí, kò sì mu ún rí. Ojoojúmọ́ ló máa ń rán ara rẹ̀ létí èyí, bí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ohun tí kò jẹ́ kó lè sọ fún ìyá rẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ọmọkùnrin méjì ni Màmá bí, Adéolú àti Olúsọjí. Sọjí ló gbọ́n jù nínú wọn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé gíga ló wà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa igbó. Nígbà tó yá, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn ọpọlọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó jáde nílé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lásán lọ́rùn, ó gba ojú títì márosẹ̀ lọ, tírélà sì gbá a. Níbi tí wọ́n ti sin ín ni Màmá ti kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, tó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń ti ara igbó jẹun, ibi yòówù kó wà láyé, òun kì í ṣe ìyá rẹ̀. Déolú wà níbẹ̀. Ó bá wọn ṣe àmín náà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Capitol Heights, níbi tí àwọn ọlọ́gbọ́n wà. Ọ̀gá Déolú, obìnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Zoe, kì í bẹ̀rù òfin tó wà nílẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀, lọ́yà á kà á, wọ́n á tẹ̀ lé e, ó parí. Òfin tí wọn ò tíì ṣe ni kì í jẹ́ kó sùn. Ìpínlẹ̀ lè yí ọkàn padà. Ìjọba àpapọ̀, tó ṣì ka ewé náà sí èèwọ̀, lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun náà fẹ́ dá sí i. Nítorí náà, ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa bá òfin tí kò sí jà. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń dúró kí wọ́n bí ọmọ ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dọ̀ Zoe, oyún òfin kò tíì dúró, wọ́n ti ń bẹ̀rù pé á hu eyín.

Nígbà tí Déolú kọ́kọ́ dé, “Happy Porch” ni wọ́n ń pe ọjà náà. Àwòrán rẹ̀ dùn ún wò: ilé kékeré kan tó ní fàráńdà, àga méjì, ajá kan tó sùn sílẹ̀. Ọlọ́gbọ́n kan ní, bí ìjọba bá sọ lọ́la pé ajá ń fa ọmọdé mọ́ra ńkọ́? Wọ́n yọ ajá. Òmíràn ní “Happy” jọ ìlérí pé ọjà náà ń múnú ẹni dùn, bí wọ́n bá ní kí àwọn mú ẹ̀rí wá ńkọ́? Wọ́n yọ “Happy”. Àga méjì jọ pé àwọn kan fẹ́ jókòó gbádùn ara wọn, àga lọ. Àwọ̀ ewé ń rán ènìyàn létí ewé; àwọ̀ ewé lọ. Ó wá ku fàráńdà òfìfo, wọ́n ní ó jọ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ayálégbé jáde níbẹ̀. Fàráńdà náà lọ. Déolú ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ gbogbo wọn. Ní ìlú wa, ẹni tó bá ya àwòrán là ń sanwó fún. Níbí, ẹni tó ń pa á rẹ́ ni wọ́n ń fún ní bónọ́ọ̀sì.

Níkẹyìn, agolo dúdú kan ló ṣẹ́kù, tó ní etí aláwọ̀ wúrà, tí kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Déolú fi ọgbọ́n orí kún un. Ó ní kí wọ́n fi òrùka róbótó kan sórí ọmọrí, kó yọ sókè díẹ̀, pé bí ìjọba bá gba orúkọ, tó gba àwọ̀, tó gba àwòrán, àtàǹpàkò oníbàárà á ṣì dá a mọ̀. Láàárín òrùka náà, ó fi àyè pẹlẹbẹ kan sílẹ̀, igun mẹ́rin, òfìfo. Ohunkóhun tí ìjọba bá ní kí wọ́n kọ lọ́la, ìkìlọ̀ ni o, agbárí ni o, àwòrán ẹ̀dọ̀fóró ni o, wọ́n á kàn lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, wọn ò ní í ṣe agolo tuntun. “Àyè ìjọba” ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì. Zoe pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọrí náà kì í sì í ṣí bọ̀rọ̀, nítorí ọmọdé: èèyàn á fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, á tì í wálẹ̀, á wá yí i sí ibi tí wọn kì í yí ọmọrí sí. Ẹni tí wọn ò bá kọ́, á pẹ́ lórí rẹ̀.

Agolo náà ti ń tà lọ́jà kí ọlọ́gbọ́n kan tó tún ní etí aláwọ̀ wúrà jọ nǹkan olówó, bí ìjọba bá ní ó ń tan aráàlú ńkọ́? Ni wọ́n bá ní kí wọ́n kó gbogbo agolo olétí wúrà tó ṣẹ́kù dànù, páálí lórí páálí, tuntun, tí nǹkan kan kò dé inú wọn rí. Ibí yìí ni ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti ru lára Déolú. Inú ilé tí wọ́n ti ń fi agolo bisikíìtì tọ́jú abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, nọ́ọ̀sì tó ń fi ọjọ́ àti òru ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, kò tíì ju ike áísìkrímù kan nù láti ọjọ́ tó ti dé Amẹ́ríkà. Ọbẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn. Ọkùnrin yìí wo agolo tó dára báyẹn lẹ́nu ọ̀nà ààtàn, kò lè gbà á. Ó kó wọn sínú ọkọ̀, ó kó wọn sí gáréèjì.

“Daddy Ọpẹ́, kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?” Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

“Wọ́n á wúlò lọ́jọ́ kan.”

Wọ́n wúlò lóòótọ́.

Màmá dé láti Ìbàdàn láti wá ṣe ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tó ṣẹ́kù fún un. Déolú ti tún ìtàn páálí oògùn há sórí, ó ti kó gbogbo káàdì ilé iṣẹ́ pamọ́. Abọ́ ike ni Rẹ̀mílẹ́kún rà tí wọ́n fẹ́ pín fún èrò lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sì ti tẹ lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn, fọ́tò Màmá pẹ̀lú gèlè, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa” lábẹ́ rẹ̀. Màmá wo abọ́ náà, ó yínmú. Ó ní abọ́ báyìí, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń pín in níbi ìsọmọlórúkọ ẹni tí kò lówó.

Lópin ọ̀sẹ̀ ìdúpẹ́ náà gan-an, wọ́n rán Déolú lọ sí ìpàdé kan ní Baltimore. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ orúkọ ìpàdé: Bí A Ó Ṣe Múra Sílẹ̀ De Ohun Tí A Kò Mọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún wà lẹ́nu iṣẹ́. Màmá sọ̀kalẹ̀ lọ sí gáréèjì láti wá ìgbálẹ̀, ó rí páálí, ó ṣí i. Agolo dúdú olétí wúrà, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kò rùn, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Lórí ọmọrí rẹ̀, àyè igun mẹ́rin kan wà. Màmá mú lébẹ́ẹ̀lì kan, ó gbé e síbẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún un ní ọmọ tó ti ra ohun ìpín sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ tí kò sì sọ. Ó fóònù sí Ìyá Àrínọlá, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn ìyá ti din chin-chin, wọ́n ti rọ ọ́ sínú agolo, wọ́n ti kó o lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Déolú o, kó lè yà á lẹ́nu.

Ó yà á lẹ́nu. Déolú ti Baltimore dé, ìsìn Sọ́ńdè parí, wọ́n wọ gbọ̀ngàn, ó rí ẹrù ọjà ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tò sórí tábìlì ìjọ Ọlọ́run, ojú ìyá rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín ní àyè ìjọba. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Rẹ̀mílẹ́kún di apá rẹ̀ mú. “Daddy Ọpẹ́, please, ẹ má jáde. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

Òótọ́ ló sọ. Ta ló máa mọ̀, àyàfi ẹni tó bá ń rà á?

Màmá gba makirofóònù. “Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọmọrí rẹ̀ le díẹ̀ o. Ẹ má fi ọbẹ sí i, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí Ìyá Àrínọlá fi eyín ṣí i!”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí agolo kan dún gbàà ní tábìlì iwájú. Bàbá Wọ́dìn, alámòójútó ìjọ, Ọ̀gbẹ́ni Babáwálé fúnra rẹ̀, tó darí ààwẹ̀ nígbà tí wọ́n ní àwọn kan fẹ́ ṣí ilé ìtajà igbó sí ìtòsí ṣọ́ọ̀ṣì, ti ṣí tiẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi ṣí i. Ọwọ́ kejì gbé fóònù sétí. Kò tilẹ̀ wò ó. Òmíràn dún láàárín àwọn akọrin. Òmíràn dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn tó ń gbé igbá ọrẹ dúró sí, ẹni tó ṣí i sì yára fi ọwọ́ bò ó bíi pé ó ti rántí ibi tó wà. Àwọn tó kù ń fa tiwọn, wọ́n ń gbá a mọ́ tábìlì, wọ́n ń bẹ Màmá pé kó tún un sọ.

Ni gbọ̀ngàn bá pín sí méjì, ìdajì kan kò sì mọ̀. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kì í mọ èyí tí inú ń run. Lọ́jọ́ yẹn, inú run wọ́n, ó sì dún gbàà. Àwọn tó mọ̀ ń wo ara wọn láti abẹ́ fìlà àti abẹ́ gèlè. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lè pariwo pé agolo kí nìyí, nítorí ẹni tó bá pariwo ti jẹ́wọ́ ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa Déolú: nínú ìbẹ̀rù tó mú un, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Zoe ti náwó fún àwọn ọ̀mọ̀wé láti mọ̀ bóyá aráyé á dá agolo tí kò lórúkọ mọ̀. Ìdáhùn rèé nínú gbọ̀ngàn ìjọ, ọ̀fẹ́, pẹ̀lú chin-chin.

Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí, bí kì í bá ṣe ojúkòkòrò. Bàbá Wọ́dìn rọra sún mọ́ Déolú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì.

“Brother Déolú, agolo yìí mà dáa o. Olétí wúrà, wọn ò tà á mọ́. Níbo lẹ ti rí i?”

“Ibi tí ẹ̀yin ti ń rí tiyín ni, sà.”

Bàbá Wọ́dìn wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àlùfáà gbọ́.”

Màmá dúró lẹ́yìn wọn, ó fẹ́ wá mu omi.

Ó kí èrò, ó gba ẹ̀bùn, ó ṣe àmín sí gbogbo àdúrà. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, wọ́n ń lọ sílé, kó tó la ẹnu.

“Kí ni àlùfáà ò gbọdọ̀ gbọ́, Adéolú?”

“Mà, ẹ̀yin náà ẹ mọ Bàbá Wọ́dìn, ó fẹ́ràn àwàdà…”

“Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣí i. Àwọn kan ò dúró kí n kọ́ wọn. Kí ló máa ń wà nínú agolo yẹn?”

Déolú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n ọ́fíìsì dáhùn. “Ewé kan ni, mà.”

“Ewé wo?”

“Ewé tí ìjọba ti fọwọ́ sí ni, mà. Dókítà ń kọ ọ́ fún aláìsàn, wọ́n ń gba owó orí lórí rẹ̀…”

“Ewé wo, Adéolú?”

Rẹ̀mílẹ́kún tẹ ojú mọ́ fèrèsé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Lójú ọ̀nà District Heights ló ti bá ti Déolú.

“Igbó ni, mà.”

Màmá kò pariwo, kò sunkún. Ó ní, “Sọjí náà, ewé ló máa ń pè é.”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ béèrè pé owó ta ni wọ́n fi rà á. Bí Rẹ̀mílẹ́kún bá ní owó òun ni, á bu òkèlè. Bí ó bá jẹ́ ti Déolú, á ní òun ti yó. Rẹ̀mílẹ́kún, tí kò rójú sùn tẹ́lẹ̀, wá di ẹni tó ń dá bọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Déolú ra ẹja tútù, ra iṣu, ra èso, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nínú fìríìjì. Ó dùn ún dé egungun. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun kò fọwọ́ kan ewé náà rí, ṣùgbọ́n oògùn ojoojúmọ́ yẹn kò ṣiṣẹ́ lójú ìyá tó ti sin ọmọ.

Ọjọ́ tí Màmá ń padà lọ, ní pápákọ̀ òfuurufú, Déolú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú àwọn òyìnbó. “Mà, ṣé ẹ ṣì jẹ́ ìyá mi?”

Màmá ní kó dìde. “Rẹ̀mílẹ́kún ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní ẹ ò mọ ohun tí ìjọba máa sọ, ẹ ṣáà ń múra dè é. Èmi náà ti sọ ọ̀rọ̀ kan níbi ìsìnkú àbúrò rẹ. N kò tíì kó o jẹ, n kò sì tíì mú un ṣẹ. Bó o ṣe ń dúró de ìjọba, dúró dè mí.”

Ó ki ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó mú agolo kan jáde. Ó ti ṣí fọ́tò ara rẹ̀ kúrò lórí ọmọrí. Fọ́tò mìíràn ló wà níbẹ̀ báyìí, fọ́tò pélébé tó ti ń gbé nínú Bíbélì rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá: Sọjí nínú aṣọ ìgbàwọlé ilé ìwé gíga, kó tó di pé ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó ṣe rẹ́gí.

“Ìyàwó rẹ ní ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ lẹ̀ síbẹ̀,” ni Màmá wí. “Bí wọ́n bá béèrè, ó ti wà nílẹ̀.” Ó fi agolo náà lé e lọ́wọ́, ó sì fa báàgì rẹ̀ wọlé.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n jókòó yí tábìlì ká ní Capitol Heights. Ọlọ́gbọ́n kan ti gbọ́ pé òfin tuntun lè máa bọ̀ lórí àwòrán. Zoe yíjú sí Déolú, ó ní ṣé ó dá a lójú pé àyè ìjọba máa gba ohun tí wọ́n bá gbé wá. Déolú ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé agolo náà sórí tábìlì.

Zoe gbé e wò. Ó fi àtàǹpàkò yí òrùka náà ká. Ó bi í pé ta ni ọmọkùnrin yìí.

“Àbúrò mi ni.”

“Ojú rẹ̀ mà dára o,” ni Zoe wí, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. “Ṣùgbọ́n ó kéré jù. Bí wọ́n bá ní kò yẹ kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún hàn lára ọjà wa ńkọ́? Yọ ọ́.”

Ó ti agolo náà padà síwájú rẹ̀. Gbogbo wọn ń dúró. Ọwọ́ tó ti yọ ajá, tó yọ àga, tó yọ fàráńdà, wà lórí tábìlì, kò gbéra.